Ojú Tíṣà

Àbúrò mi kì í na ọmọ. Ohun tí mo fi ń ṣáájú nìyẹn, nítorí iṣẹ́ tíṣà ló ṣe títí ara fi kọ̀ fún un, kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké ni wọ́n sì máa ń gbé fún un, àwọn tí eyín iwájú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, tí wọn kò lè jókòó pẹ́ kí ìdí má yún wọn. Àwọn tíṣà yòókù ní pàṣán lórí tábìlì. Tiwa ní ojú. Bó bá gbé irun ojú kan sókè, ariwo ẹ̀yìn kíláàsì á pa lọ́lọ́. Bó bá fún ẹnu pọ̀, ẹni tó ń yọ́ búrẹ́dì jẹ lábẹ́ àga á gbé e mì láìrún un. Bí ọmọ tó ti ń gba òdo láti ọjọ́ yìí bá wá rí ìṣirò kan ṣoṣo gbà, gbogbo ojú ni Tíṣà máa fi rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú, ojú á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, ọmọ náà á sì béèrè ìṣirò mìíràn.

Gbogbo èèyàn ló ń pè é ní Tíṣà. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Alágbàfọ̀ ni èmi, mo ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń fọ aṣọ tí a sì ń lọ̀ ọ́. Ẹnu mi mú, inú sì máa ń tètè bí mi. Àwọn oníbàárà mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn a sì máa fara dà á nítorí pé aṣọ wọn kì í sọnù lọ́wọ́ mi.

Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, òun náà kò sì ní orúkọ mìíràn lẹ́nu wa. Ẹ̀yìnkùlé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ó dojú kọ fèrèsé ilé ìdáná. Bó bá tan ẹ̀rọ tó fi ń la pákó, kò sí ẹni tó lè gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìṣó ló máa ń kó sẹ́nu, ọ̀rọ̀ kì í ráyè. Nítorí náà ojú ni òun àti ìyàwó rẹ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé dé ẹnu ẹ̀rọ. Bí Tíṣà bá gbé àgbọ̀n sókè, oúnjẹ ti délẹ̀. Bó bá dijú kan, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n mi ti dé o, inú ń bí i lónìí, má tíì wọlé. Káfíńtà á rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìṣó lẹ́nu, èmi tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ á jókòó síbẹ̀ bí ọ̀dẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ní ti àwọn méjèèjì yìí, kò sí ibòmíràn tí ọ̀rọ̀ wà.

Àwọn ọmọ tó jókòó lẹ́yìn kíláàsì ló kọ́kọ́ ké. "Tíṣà, a ò rí ohun tó wà lójú pátákó." Tíṣà ní kí wọ́n lajú wọn. Wọ́n lajú, wọn ò tún rí i. Ó bá sọ fún ara rẹ̀ pé fóònù àwọn òbí wọn ti ba ojú wọn jẹ́. Nígbà tí àwọn òbí wá mú ọmọ wọn lọ́sàn-án, ó dúró ní géètì, ó ń sọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọmọ yín lọ yẹ ojú wò." Àwọn òbí ń bọ̀wọ̀ fún un, wọ́n lọ. Onígíláàsì yẹ ojú àwọn ọmọ náà wò, kò rí ohun kan tó ṣe wọ́n. Bàbá kan padà wá bá a, ó ní, "Tíṣà, wọ́n ní ọmọ mi lè rí èèrà lórí òrùlé." Tíṣà ní onígíláàsì náà ni kò mọṣẹ́.

Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa àga wọn síwájú. Lónìí ìlà kan, lọ́la ìlà mìíràn, títí gbogbo kíláàsì fi há mọ́ ara wọn nídìí pátákó, tí ẹ̀yìn yàrá sì ṣófo. Ọ̀gá ilé-ìwé wọlé, ó wo àyè òfìfo ẹ̀yìn yẹn, ó ní, "Ṣé òrùlé ń jò ni?" Tíṣà ní ojú àwọn ọmọ ni kò dáa. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ lọ jókòó sórí àga kékeré kan lẹ́yìn, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, ó wo pátákó, ó tún wò ó.

"Tíṣà, kí lẹ kọ síbẹ̀ yẹn?"

"Ẹ̀yin náà, ọ̀gá? Ẹ tètè lọ yẹ ojú wò o."

"Ẹ wá jókòó síbí, kí ẹ bá mi kà á."

Ó lọ jókòó. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ìlà tóbi bó ṣe yẹ. Èyí tó tẹ̀lé e kéré sí i. Nígbà tí ìlà fi máa dé òpin, ó ti rún mọ́ ara rẹ̀ débi pé ẹni tó di ṣọ́ọ̀kì mú gan-an kò lè sọ ohun tó kọ. Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́, ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Àbúrò mi ti wo òkè fún bíi ọdún kan. Ó bẹ ọ̀gá pé òun á ṣàtúnṣe, ó sì ṣe é fún ìgbà díẹ̀. Bó bá fi gbogbo ọkàn sí i, lẹ́tà á tóbi. Bó bá ti gbàgbé pé òun ń kọ̀wé, tó ń ro ohun tó fẹ́ kọ́ wọn, lẹ́tà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í sá.

Bó ṣe ṣe nílé ìwé náà ló ṣe nílé. Ó ní etí Káfíńtà ti di. Bó bá sọ̀rọ̀, ọkùnrin náà á ní "Hẹ̀n?" Ó di pé "hẹ̀n" ni ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo wa la gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ta ni kò mọ̀ pé ariwo ẹ̀rọ máa ń di káfíńtà létí? Èmi gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í kí i pẹ̀lú ariwo bí ẹni ń lé ewúrẹ́, àna mi á ta gìrì. A mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ etí wò. Obìnrin tó yẹ̀ ẹ́ wò ní etí rẹ̀ dára, ó sì yìn ín pé ó máa ń fi ohun ìbotí sétí nídìí ẹ̀rọ. Tíṣà bá obìnrin náà jiyàn. Bó ṣe ń jiyàn ni obìnrin náà ń sọ pé, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀rọ̀ sókè díẹ̀." Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. A rẹ́rìn-ín délé lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n Tíṣà kò bá wa rín.

Ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ báyìí, ó sì ṣòro fún mi. Kò sí ọjọ́ kan tí a lè tọ́ka sí pé ọjọ́ yẹn ló lọ. Bí iná àtùpà tí epo ń tán nínú rẹ̀ ló ṣe lọ. Ìyá ọmọ kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní ọmọ òun ń sunkún láràárọ̀ pé Tíṣà ń bínú sí òun. Òmíràn tún wá. Kíláàsì rẹ̀ dákẹ́ ju ti ẹnikẹ́ni lọ, inú ọ̀gá sì ti ń dùn sí i kó tó mọ̀ pé ẹ̀rù ló mú wọn dákẹ́. Ọmọ tó bá gba ìṣirò á gbójú sókè, á retí, ojú kan gbagidi á sì máa wò ó. Ọmọ á rò pé òun ti ṣì í.

Káfíńtà náà rò pé òun ti ṣẹ̀. Ó bi í, "Kí ni mo ṣe?" Tíṣà ní, "Ẹ ò ṣe nǹkan kan." Ẹnu ló sọ ìyẹn, ojú kò sì bá ẹnu sọ ohun kan náà, ó sì ti pẹ́ tí ọkùnrin náà ti ń gba ojú gbọ́ ju ẹnu lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ẹ̀bẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ tí kò mọ̀. Ó tún kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná ṣe. Ó fi gíláàsì tuntun sí fèrèsé. Ó ra aṣọ fún un, ó nà án sí i, ó wo ojú rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ní gbogbo ìgbà yẹn, Tíṣà tún máa ń jà lójú oorun, á máa ta ìpá, á máa lu ọkọ rẹ̀, bí ẹni tí ọ̀tá ń lé. Káfíńtà bá gbé ibùsùn rẹ̀ lọ sí yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù, níbi tó ń kó pákó gbígbẹ sí.

Láti ìgbà náà ló ti di adìyẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ọkùnrin náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó dúró láàárín aṣọ tí mo so kọ́, kò jókòó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe." Káfíńtà tí kì í sọ̀rọ̀ ló sọ̀rọ̀ yẹn, omi sì lé sí i lójú. Inú bí mi sí àbúrò mi dé gongo. Mo ránṣẹ́ pè é.

Ó dé, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì díẹ̀. Mo ní, "Kí ni ọkọ ẹ ṣe fún ẹ tí o ń fajú ro mọ́ ọn?"

"Mi ò fajú ro."

"Ìwọ nìyí lójú mi báyìí, o fajú ro."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò fajú ro o. Inú mi dùn bí mo ṣe rí yín. Mo tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín."

Mo fà á lọ́wọ́ lọ síwájú dígí ńlá tí àwọn oníbàárà fi ń wo aṣọ wọn. Mo ní, "Rín in kí n rí i." Ó ní, "Mo ń rín in." A jọ wo dígí. Mo rí ojú mi, mo rí ìbínú tó wà lórí rẹ̀ bó ṣe kún dẹ́nu. Mo rí ojú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, kò sí ohunkóhun lórí rẹ̀. Kò tilẹ̀ ń ṣẹ́jú tó bó ṣe yẹ. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó fi ìka tẹ igun ẹnu rẹ̀ sókè bí ẹni ń gbé aṣọ tó já sílẹ̀, ó sì jù ú sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ibo ló lọ?" Ẹ̀rù bà mí ju ti ọjọ́kọ́jọ́ lọ.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé inú kì í dùn ká pa á mọ́ra. Kí wọ́n wá wo àbúrò mi.

A lọ sí ọsibítù, èmi, òun àti ọkọ rẹ̀. Wọ́n darí wa láti yàrá kan sí èkejì títí a fi dé ọ̀dọ̀ dókítà tó ń wo ọpọlọ, obìnrin kan tó kéré sí àbúrò mi. Ó ní kí Tíṣà máa fi àtàǹpàkò kan ìka ìfábẹ̀lá kíákíá. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó ń lọ́ra, ó dúró. Ó ní kó rìn lọ kó yípo. Ìrìn ṣe é ṣe, ṣùgbọ́n kó tó lè yípo, ó tẹ ẹsẹ̀ kéékèèké bí ẹni tó wà lórí pákó tóóró, apá rẹ̀ òsì kò sì mì rárá. Ó ní kó kọ gbólóhùn kan léraléra. Gbogbo wa la rí lẹ́tà náà bó ṣe ń kéré sí i.

Dókítà bi í bóyá ó ṣì ń gbóòórùn. Tíṣà ní, ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ kò ti fi òórùn sí ọṣẹ mọ́. Mo wò ó. Alágbàfọ̀ ni mí, ọṣẹ sì ń ta sánsán ní ṣọ́ọ̀bù mi lójoojúmọ́. Dókítà kàn rọra kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ìjà ojú oorun tí a ròyìn fún un náà wà lára àmì rẹ̀, àti pé ó ṣeé ṣe kí àìsàn yìí ti wọlé ní ọ̀pọ̀ ọdún kí lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kéré.

"Pákínsìn ni," ló wí.

Tíṣà ní, "Ṣùgbọ́n mi ò gbọ̀n. Ṣebí àwọn tó ní in máa ń gbọ̀n?"

"Kì í ṣe gbogbo wọn, mà. Ara tiyín ń le, ó sì ń lọ́ra. Ibì kan wà nínú ọpọlọ tí ń pèsè èròjà kan. Èròjà yẹn ló ń jẹ́ kí ara ṣe ohun tí a kì í ronú sí kí a tó ṣe é. Bí apá ṣe ń mì tí a bá ń rìn. Bí ojú ṣe ń ṣẹ́. Bí ẹ̀rín ṣe ń wá fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń pèsè rẹ̀ níbẹ̀ ló ń kú díẹ̀díẹ̀. A ò tíì mọ ohun tó ń pa wọ́n gan-an, a ò sì lè jí wọn."

Mo ní, "Oògùn ńkọ́?"

"Oògùn wà, ó sì máa ń ṣiṣẹ́. Ó ń rọ́pò èròjà náà fún ìgbà díẹ̀ lójúmọ́. Kò ní dá àìsàn náà dúró. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa lò ó lákòókò, torí tó bá ti tán lára, ara á tún le." Ó yíjú sí Káfíńtà. "Bàbá, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Wọn ò bínú sí yín. Ojú wọn ni kò lè jíṣẹ́ mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú wọn, ẹ máa bi wọ́n."

Káfíńtà mi orí. Ó mi orí púpọ̀.

Oògùn náà ràn án lọ́wọ́ lóòótọ́. Àwọn ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, a rò pé a ti borí. Ó rìn, ó kọ̀wé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ gbéra díẹ̀. Ó padà sí kíláàsì, ó sì ṣe ohun kan tí mo máa ń rántí. Ó sọ fún àwọn ọmọ náà pé, "Ojú mi ń ṣàìsàn. Tí ẹ bá rí i tó le, kì í ṣe ìbínú. Ẹ bi mí." Àwọn ọmọ náà gbà á bí ẹni gba eré. Láti àárọ̀ di ọ̀sán, "Tíṣà, ṣé inú yín ń dùn?" "Ó ń dùn." "Tíṣà, báyìí ńkọ́?" "Ó ṣì ń dùn. Jókòó." Wọn kì í sunkún ní géètì mọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé ló sọ fún mi pé àwọn tó wà ní kíláàsì kejì náà ń yọjú lójú fèrèsé wá bi í.

Ọdún mélòó kan ló rí ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ kò dé ìlà kejì mọ́, ó sì ṣubú lẹ́ẹ̀mejì níwájú àwọn ọmọ. Òun fúnra rẹ̀ ló kó ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ jọ tó kúrò, kò jẹ́ kí wọ́n lé e.

Nílé, Káfíńtà kò bi í. Ẹ má ṣe rò pé ọkùnrin náà burú. Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, kò burú. Kò sí ọkọ tó tọ́jú ìyàwó rẹ̀ tó o. Ó kan igi ìdìmú mọ́ gbogbo ògiri, ó fá a títí ó fi ń dán, kí ẹ̀gún má baà gún un lọ́wọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ àga sókè kó lè rọrùn láti dìde. Nígbà tí ẹsẹ̀ Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, dókítà ní bó bá ní ohun tí yóò rí láti rékọjá, ẹsẹ̀ lè tú. Káfíńtà la pákó tẹ́ẹ́rẹ́, ó kùn ún ní funfun, ó kàn án mọ́lẹ̀ lẹ́nu gbogbo ilẹ̀kùn. Ó ń ṣiṣẹ́, bí oògùn bá wà lára. Gbogbo ohun tó wà nínú ọkùnrin náà ló kàn mọ́ igi. Ṣùgbọ́n bó bá gbé oúnjẹ fún un, ilẹ̀ ló máa ń wò. Yàrá pákó ló ṣì ń sùn.

Tíṣà mọ̀. Ó sọ fún mi pẹ̀lú ohùn kékeré yẹn tí mo ní láti fi etí sún mọ́ ẹnu rẹ̀ kí n tó gbọ́: "Àwọn ọmọ ń bi mí. Bàbá yìí ò bi mí rí."

"Ìwọ náà sọ fún un!"

"Mo sọ. Ó ní òun gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, tó bá bi mí lẹ́ẹ̀kan péré, á tó mi."

Ohun tó ń fẹ́ láyé kò ju ìyẹn lọ. Mo jáde sí ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà, mo ní kó pa ẹ̀rọ. Mo ní, "Àna mi, ẹ wò ó lójú kí ẹ bi í bóyá inú rẹ̀ ń dùn. Ṣé ó le tó igi lílà ni?" À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya kì í ṣe iṣẹ́ mi.

Ó yọ ìṣó lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sórí tábìlì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé àìsàn ni. Orí mi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí mo bá wo ojú yẹn, ó máa ń dà bíi pé ó kórìíra mi. Ẹ̀rù ń bà mí láti bi í. Tó bá wá ní inú òun dùn ńkọ́, tí ojú ṣì rí bẹ́ẹ̀? Èwo ni kí n gbà gbọ́?"

"Ẹnu rẹ̀!"

Ó mi orí. Ó ní òun á bi í. Ó ní kí n fún òun láyè díẹ̀.

Ọjọ́ tí Káfíńtà kú, ọ̀sán gangan ni. Oògùn àárọ̀ ti ń tán lára Tíṣà, ti ọ̀sán kò tíì wọlé. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó fẹ́ gba afẹ́fẹ́. Káfíńtà ń la pákó. Tíṣà rí i tó fi ọwọ́ di àyà mú, tó jókòó sórí àwọn pákó tó tò kalẹ̀, tó yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ ṣì ń pariwo. Tíṣà ní kí ẹsẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ lẹ̀. Pákó funfun wà níwájú rẹ̀ gbangba, ó ń wò ó, ẹsẹ̀ kò tú. Ó ké. Ohùn tó jáde kò lè jí ọmọ ìkókó. Fóònù wà lórí tábìlì lẹ́yìn rẹ̀, kò sì lè yípo.

Ọ̀gbẹ́ni tó ń kun mọ́tò lójúlé kejì ló wá, nítorí ó gbọ́ pé ẹ̀rọ ń yí lásán láìla nǹkan kan, ariwo yẹn sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó bá ọkùnrin náà nílẹ̀, ó ti kú. Ó gbójú sókè, ó rí ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ tútù, ó ń wò wọ́n. Ohun tó rí ló sọ fún àwọn èèyàn, n kò lè bá a jà. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé obìnrin kan dúró, ó ń wo ọkọ rẹ̀ títí ó fi kú.

Níbi ìsìnkú, mo dì í mú lápá kan, ọmọ wọn obìnrin kan ṣoṣo, tó wá láti ọ̀nà jíjìn, dì í mú lápá kejì. Omi ń dà lójú rẹ̀ wàràwàrà, ṣùgbọ́n ojú kò bá omi náà lọ́wọ́ sí i, kò fún pọ̀, kò gbọ̀n, bí òjò tó ń ṣàn lára ògiri. Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà obìnrin, tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù, sọ ọ́ sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́: "Ẹ wo ojú ẹ̀. Kò tilẹ̀ sunkún. Omi àìsàn nìyẹn."

Mo fi àbúrò mi sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Mo ní, "Tún un sọ."

"A mọ̀ pé ara rẹ̀ ò yá. Ta ló bá a jà sí i? Ṣùgbọ́n àìsàn wo ni kì í jẹ́ kí èèyàn ké gbàjarè?"

"Èyí," mo ní. "Èyí gan-an. Ó ké. Kò sí ẹni tó gbọ́ ni."

"Ìwọ gbọ́?"

Ìjà tí mo jà lẹ́bàá sàréè náà, ojú kò tì mí sí i títí di òní. Àwọn ọkùnrin ló là wá. Ṣùgbọ́n n kò borí. Bí mo ṣe ń pariwo ni àwọn èèyàn ń wo Tíṣà, tí wọ́n ń wo ojú yẹn, mo sì rí i pé ojú ni wọ́n gbà gbọ́. Obìnrin kan fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn.

Ọ̀dọ̀ mi ni Tíṣà wà báyìí. Àwọn igi ìdìmú kò bá a wá, ọmọ wọn ti ta ilé náà. Mo ń fún un ní omi díẹ̀díẹ̀ kó má baà gba ọ̀nà tí kò yẹ nínú ọ̀fun rẹ̀. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ kì í wá. Àwọn tó kọ́ ní ìwé, tí wọ́n ti di géńdé, máa ń yà ní ṣọ́ọ̀bù, wọn a kí i, wọn a sì tètè lọ, nítorí wọn kò mọ ohun tí wọn ó ṣe fún ojú náà.

Ó pẹ́ kó tó sọ ìyókù fún mi. Oògùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́ lára ní òwúrọ̀ náà, mo ń lọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fà mí láṣọ. Mo gbé áyọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fi etí sún mọ́ ọn.

"Kò kú kíákíá," ó ní. "Ó yíjú sí mi láti ilẹ̀. Ó ń wo ojú mi. Ẹnu rẹ̀ ń mì, ó ń bi mí ní nǹkan kan."

"Kí ló bi ẹ́?"

"Ẹ̀rọ ń pariwo. Mi ò gbọ́."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó le bíi igi.

"Mo ń ké nínú mi, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ń ké orúkọ rẹ̀. Òun ń wò mí títí ojú rẹ̀ fi dúró." Ó sinmi kó lè rí èémí fi sọ èyí tó kù. "Kí ló rí?"

Mo wo ojú náà láti ibi tí ọkùnrin náà ti máa wò ó, láti ìsàlẹ̀, nítorí mo ti kúnlẹ̀ síbẹ̀. Mo wò ó títí. Mo sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ ló rí, pé ó rí i tó ń ké. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú, mo sì dìde lọ mú áyọ́ọ̀nù mi, nítorí n kò fẹ́ kó rí ojú tèmi.